Páìpù Kejì Lára Táǹkì

Nígbà tí ọmọ mi kejì ṣì ń mu ọyàn, inú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni mo ti máa ń fún un lọ́yàn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ariwo. Ọkọ̀ náà ni kò ṣeé pa. Láàárọ̀, bí mo bá ti fi kọ́kọ́rọ́ kàn án báyìí, ó ti jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti sáré dáadáa, tí ara rẹ̀ gbóná, tí mo wá pa á, tí mo fi í sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi jẹ ẹ̀bà kó sì fọwọ́, ó di ìgbà tó bá tutù. Yóò máa yí, yóò máa yí, bátìrì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kò ní jẹ́. Bó bá tutù tán, á jẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa méjèèjì.

Nítorí náà, màá gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, màá jẹ́ kó máa kùn, màá gbé ọmọ sáyà. Obìnrin tó ń ta gáàrì ní òdìkejì títì bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ọkọ̀ ni àbí àna mi, tí mi ò fi lè ní kó dákẹ́.

Wágọ̀nù ni ọkọ̀ náà, ó sì ti ṣe iṣẹ́ mìíràn kó tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tí ọkọ mi rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti fi ṣe fàyàwọ́ bẹntiróòlù lọ sí ìhà Bẹ̀nẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí epo wọ́n níhìn-ín débi pé kò sí èrè nínú gbígbé e kọjá bodè mọ́, ó pa iṣẹ́ náà tì, ó ta ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń lo kabúrétọ̀, kò pẹ́ lọ́wọ́ wa tó fi kú. Mẹkáníìkì wa, ọkùnrin tí èmi àti ọkọ mi ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ló bá wa wá ẹ́ńjìnnì onínjẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé wá láti Kútọnu, ó sì fi rọ́pò rẹ̀. Kabúrétọ̀ máa ń fa epo bí ọmọ ṣe ń fa ọyàn. Ínjẹ́kítọ̀ ní tirẹ̀, pọ́ǹpù oníná ló ń ti epo wá bá a tipátipá, tí òun náà yóò wá máa fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì. Ó lágbára, kì í sì í jẹ epo lájẹjù. A yọ̀ mọ́ ọn títí ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀.

Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìdí-Ìrókò, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé, nítorí náà èmi ni mò ń wa ọkọ̀. Ọmọ iléèwé ni mò ń kó. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà Ìjoun, mo máa ń kó wọn wá sí iléèwé kan ní Ayétòrò láàárọ̀, mo sì máa ń dá wọn padà lọ́sàn-án. Àwọn òbí wọn ló ń da epo sọ́kọ̀. Ọ̀gá iléèwé, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kì í san nǹkan kan fún mi. Àdéhùn tiwa ni pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń wakọ̀ náà, ọmọ mi àkọ́kọ́ yóò máa kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin ni. Èmi parí sẹ́kọ́ńdìrì, ibẹ̀ ni mo sì dúró sí. Òun ti ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri ilé ìyá ọkọ mi, ó ń ka orúkọ gbogbo àwọn tó ń du ipò tí wọ́n lẹ àwòrán wọn mọ́ ibẹ̀, ó sì ń bi mí èwo nínú wọn ló wọlé. Mi ò fẹ́ kí ọmọ náà kúrò ní iléèwé yẹn. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà tí mò ń gbà kò jìnnà sí bodè, àwọn aṣọ́bodè sì máa ń dúró níbẹ̀ yẹ ọkọ̀ wò. Wágọ̀nù ni wọ́n máa ń wò jù, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ti bá lábẹ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń juwọ́ pé kí n kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan tí kò mọ̀ mí ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n pa ọkọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, ó ní òun kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó ń mì. Òótọ́ ló sọ. Mo pa á. Ó wo ibi tó fẹ́ wò, ó lọ bá ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi sọ̀rọ̀, ó padà dé, ó ní ó dàbọ̀. Ọkọ̀ kò jẹ́.

Oòrùn ọjọ́ náà ń ta bí ata. Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fún ara wọn mọ́ abẹ́ igi káṣú kan tí ìbòòji rẹ̀ kò tó wọn. Omi inú ìgò wọn tán. Òyì kọ́ ọmọbìnrin kékeré kan, ó bì sára bàtà mi. Àwọn òbí gbọ́, wọ́n fi ọ̀kadà wá kó ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì sọ̀rọ̀ sí mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi mu. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú.

"Mi ò bá ọ jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ olọ́mọ ni. Bí ọkọ̀ yẹn bá tún dá wọn dúró sínú oòrùn lẹ́ẹ̀kan sí i, oníkọ́rópe tó ń bẹ̀ mí ni màá gbé iṣẹ́ náà fún. Àyè ọmọ rẹ á sì bá a lọ, torí mi ò lè ṣe é ní ọ̀nà méjì."

Mo ní mo gbọ́, mo dúpẹ́.

Kì í ṣe pé a ò tíì tọ́jú ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan, ó tún pààrọ̀ òmíràn. Ó yọ tẹmositáàtì tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí ara rẹ̀ á fi gbóná dànù, bí wọ́n ṣe máa ń yọ ọ́ nínú gbogbo ọkọ̀ níhìn-ín, ó ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òtútù. Ó so fáànù mọ́ bátìrì tààrà kó lè máa fẹ́ láìsinmi. Oníwáyà kan tú gbogbo wáyà rẹ̀ palẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń tú irun, ó sì tún un dì. Iwájú ọkọ̀ ni gbogbo wọn ń bẹ̀rẹ̀ mọ́, nítorí iwájú ni ẹ́ńjìnnì tí a pààrọ̀ wà. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á ní kí n ṣíná, ọkọ̀ á jẹ́, wọ́n á ní ó ti tán. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó ti tutù.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ó dà bí ọmọ tó gbóná mọ́jú, tí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tán, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì á wá máa wo ìyá bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ.

Mo pọn ọmọ, mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n ní ọgbà rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò ní ra nǹkan kan mọ́ títí a ó fi rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà lásìkò tó ń ṣe é. Mo ní òun ò tíì rí àìsàn yìí rí, ìròyìn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ṣé kí òun máa bá wa jókòó sínú ọkọ̀ lọ sí Ìjoun lójoojúmọ́ ni. Mo ní rárá, èmi ni màá gbé àìsàn náà wá bá a.

Mo wa ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìláròó, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo yí padà, mo wọ ọgbà Ẹ̀gbọ́n nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí. Mo gbé e sójú oòrùn, mo pa á. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo fún ọmọ lọ́yàn. Ẹ̀gbọ́n ń wò mí, ó ń wo ọkọ̀. Nígbà tí ọmọ yó tó gùnfẹ̀, mo dìde, mo ṣíná. Ó yí, ó yí, kò jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi dùn pé ó kọ̀.

Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa máa ń sọ pé iná ò lè ṣe aláìní: afẹ́fẹ́, ohun tí yóò jó, àti ohun tí yóò tanná ràn án. Afẹ́fẹ́ kò wọ́n ní Ayétòrò. Ẹ̀gbọ́n yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó gbé e lé ara irin, mo yí kọ́kọ́rọ́, iná aláwọ̀ búlúù fò lẹ́nu rẹ̀. Ó dá a padà sáyè rẹ̀. Ó wá ku epo. Ó tú rọ́bà epo níbi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì, ó gbé ike sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n tún yí i. Epo kò ṣàn jáde. Ohun tó jáde ń hó, ó ń fín, bí ìgbà téèyàn ṣí ìgò mínírà tí wọ́n ti mì pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní pọ́ǹpù ló ti rẹ̀, kí n lọ ra òmíràn. Mo ní pọ́ǹpù tó ti rẹ̀ kì í mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán.

Abẹ́ ọkọ̀ ni pọ́ǹpù náà wà, láàárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi irin dè é mọ́ ibẹ̀. Mo mú ìlédìí ọmọ tó mọ́, mo rì í bọ omi tútù inú àmù Ẹ̀gbọ́n, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo fi wé pọ́ǹpù àti rọ́bà ẹnu rẹ̀. Bí ìlédìí náà ti ń gbóná ni mo ń tún un rì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo jáde, mo ṣíná. Ó jẹ́.

"Mo sọ àbí mi ò sọ?" Ẹ̀gbọ́n ní. "Pọ́ǹpù ni."

Mo bi í pé ta ló mú pọ́ǹpù gbóná. Ẹ́ńjìnnì jìnnà sí i. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni sáléńsà gbà kọjá. Ó ní ooru ni, pé ooru kì í béèrè ọ̀nà. Mo ní kó bá mi wọ abẹ́ rẹ̀, kó tọ rọ́bà náà lọ sẹ́yìn, ká wo ibi tí ooru náà ti ń bọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyàwó, títí dé pọ́ǹpù ni mo mọ," ó ní. "Èmi kì í fọwọ́ kan ìdí táǹkì."

Ẹni tí kò gbé nítòsí bodè lè má lóye ìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ìdí táǹkì ni iná tọ́ọ̀ṣì aṣọ́bodè máa ń kọ́kọ́ lọ. Bó bá bá rọ́bà tuntun níbẹ̀, tàbí kílíìpù tó ń dán, tàbí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná jó pọ̀, ìbéèrè dé. Bó bá sì bá páìpù méjì lára táǹkì kan, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé táǹkì mìíràn wà níbì kan tí wọ́n fi pa mọ́. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó bá fẹ́ràn oníbàárà rẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Wọ́n á tilẹ̀ kìlọ̀ fún ọ pé bó o bá ń fọ ọkọ̀, kó o má fọ ibẹ̀. Eruku ọdún pípẹ́ ni ẹ̀rí pé èèyàn jẹ́jẹ́ lo jẹ́.

Mo tú ọ̀já, mo gbé ọmọ fún un. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó dúdú fún ọ́ìlì sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí, ó sì fi apá lásán gba ọmọ mọ́ra, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ má bàa kan aṣọ ọmọ. Èmi padà sábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń wò ó, bí mo ṣe ń wo iwájú orí ọmọ. Táǹkì tutù. Rọ́bà tó jáde lára táǹkì tutù. Mo tọ̀ ọ́ síwájú, ó ṣì tutù. Mo dé ibi ìsopọ̀ kan tí ẹrọ̀fọ̀ gbígbẹ ti bò mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ dé pọ́ǹpù, ó ń jóni lọ́wọ́. Ó yà mí lẹ́nu. Epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú táǹkì tútù, tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, níbo ló ti rí ooru? Mo fi èékánná ha ẹrọ̀fọ̀ náà kúrò. Irin ẹlẹ́nu mẹ́ta ni mo bá lábẹ́ rẹ̀. Ẹnu kan gba epo láti inú táǹkì, ọ̀kan gbé e lọ sí pọ́ǹpù, ìkẹta sì ní rọ́bà tirẹ̀, rọ́bà náà ló gbóná jù nínú gbogbo wọn. Mo fọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Iwájú ló ti ń bọ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, iyanrìn wọ inú irun mi, mo ń rò ó. Pọ́ǹpù máa ń ti epo tó pọ̀ ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè jó lọ. Èyí tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ padà sínú táǹkì lọ tutù. Tiwa kì í délé. Á gbóná lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, á padà dé ẹnu pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á tún gbé e lọ, á lọ gbóná sí i. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, epo tútù ń wọlé dípò èyí tó jó, a ò ní mọ̀. Bí a bá pa á, èyí tó ti gbóná nínú rọ́bà á jókòó síbẹ̀, á hó, á di afẹ́fẹ́. Pọ́ǹpù wa lè ti epo, kò lè ti afẹ́fẹ́.

Mo jáde, mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀. Ọmọ ti sùn lọ sí i láyà.

"Èmi ni mo so ó," ó ní.

Ó wá là á yé mi. Nígbà tí ọkọ mi ra ọkọ̀ náà, ojú méjì ló wà lára táǹkì, ìkejì sì ni ẹni àtijọ́ fi ń fa epo fàyàwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé a ò ní sinmi lọ́wọ́ aṣọ́bodè bí ojú yẹn bá ṣí sílẹ̀, ló bá fi bóòtì àti gọ́ọ̀mù dí i pa, ó fi ẹrọ̀fọ̀ ra á. Kabúrétọ̀ kò nílò ju ojú kan lọ, kò sì sí wàhálà. Àmọ́ nígbà tó fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí i, rọ́bà kan ṣẹ́kù tó yẹ kó dá epo padà. Kò fẹ́ ṣí ojú kejì. Ó so ó mọ́ ti àkọ́kọ́.

"Epo náà sáà ń padà," ó ní. "Mo rò pé ibi tó bá gbà padà ò ní nǹkan ṣe. Torí yín ni mo ṣe ṣe é."

Mi ò lè bínú sí i. Torí wa náà ni lóòótọ́. Gbogbo ìgbà tí àwọn aṣọ́bodè fi ń juwọ́ sí mi pé kí n kọjá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Àmọ́ nígbà tí mo ní kó ṣí ojú kejì, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ lọ, ọ̀dọ̀ òun ni ọkọ mi máa wá. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù níbẹ̀. Òun náà kò fẹ́. Ó ní ọkọ̀ tí kò jẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni, èyí tí wọ́n bá gbà ti lọ nìyẹn. Mo ní èyí tí kò jẹ́ yìí náà ti ń lọ, àyè ọmọ wa ni iléèwé ló sì ń gbé lọ́wọ́ lọ. Ó bi mí bóyá ọmọ ti jẹun. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé wa. Kò gbà, kò sì kọ̀.

Mo wá ṣe ohun tí Ẹ̀gbọ́n ní òun ò rí i kí ẹnikẹ́ni ṣe rí. Nígbà tí mo dá àwọn ọmọ padà tán lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ dúró, mo lọ bá aṣọ́bodè yẹn gan-an, ẹni tó ní kí n pa ọkọ̀ lọ́jọ́ oòrùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀, fàyàwọ́ ẹni àtijọ́, ojú tí wọ́n dí, rọ́bà tó ń gbóná. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ló rán mi wá dán òun wò. Ó ní àwọn èèyàn máa ń sá fún òun nítorí ìdí táǹkì ni, pé kò sí ẹni tó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ròyìn rẹ̀ rí.

"Mi ò lè ní kẹ́ ẹ ṣe é, mi ò sì lè ní kẹ́ ẹ má ṣe é," ó ní. "Ohun tí mo bá bá lábẹ́ ọkọ̀ ni màá bi yín léèrè."

Mo ní ẹ ṣé, sà. Ìyẹn tó mi. Ìbéèrè kò ṣòro fún ẹni tó ní ìdáhùn.

Ẹ̀gbọ́n gbà níkẹyìn, lọ́nà tiẹ̀. Ó ní òun á ṣí i, bó bá sì ṣe tán, òun á fi ẹrọ̀fọ̀ ra gbogbo rẹ̀ kó lè dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní ẹ̀yin Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹrọ̀fọ̀. Mo ní ohun tí a bá fi pa mọ́ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wa. Mo lọ ra rọ́bà funfun tí wọ́n fi ń gbé epo lára ọ̀kadà, irú èyí tó mọ́ gaara, tí èèyàn ń rí epo bó ṣe ń rìn nínú rẹ̀, kó fi ìwọ̀n kan rẹ̀ sí ibi tí ojú ti lè tètè rí i. Ó wò mí, ó mi orí. Ó ní ọkọ mi ń gbìyànjú.

Sátidé ni a ṣe é. Ó lé gbogbo ẹni tó ní iná lọ́wọ́ jìnnà, ó fa epo inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sọ táǹkì kalẹ̀, a fi omi ọṣẹ ṣan inú rẹ̀, a gbé e sínú oòrùn títí ó fi gbẹ. Bóòtì náà ti dípẹtà mọ́ ibẹ̀, ó sì mú wàhálà bá a. Ó yọ irin ẹlẹ́nu mẹ́ta, ó dá rọ́bà táǹkì àti ti pọ́ǹpù pọ̀ ní tààrà, ó wá gbé rọ́bà tó ń padà lọ sójú kejì. Mo bi í pé tẹmositáàtì ńkọ́. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, ohun kan lójúmọ́.

Mo tún gba ọ̀nà Ìláròó lọ, mo dé, mo pa á sójú oòrùn, mo jókòó fún ọmọ lọ́yàn. Mo ṣíná, ó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe títí ọmọ fi yó jù, tó ń fi ọwọ́ ti ọyàn kúrò lẹ́nu. Ọkọ̀ náà ń jẹ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkọ̀ kún fún ọmọ, tèmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. Ara ẹ́ńjìnnì ti gbóná nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn méjì mìíràn ni. Wọ́n ní kí n pa á, mo pa á. Èyí àgbà wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó pe ìkejì. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n gbé ìjókòó sókè. Wọ́n fi igi kan táǹkì, wọ́n ń tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Wọ́n ṣí ibi táyà sípíà, wọ́n ṣí àpò ìwé ọmọ kan tó wúwo jù, iṣu sísun ni wọ́n bá níbẹ̀. Mo fọwọ́ lérí ọmọ mi títí wọ́n fi bi mí.

"Màdáàmù, kí ni páìpù kejì ń ṣe níbí?"

Mo lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Mo ní ọ̀kan ń gbé epo lọ bá ẹ́ńjìnnì, èkejì ń dá èyí tó ṣẹ́kù padà sílé. Ó ní kí ló dé tí òun kì í rí i lára ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Mo ní ẹ́ńjìnnì tiwa ni kì í ṣe ti ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé irọ́ ni ńkọ́. Mo ní kó fọwọ́ kan àwọn méjèèjì.

Ó fi ọwọ́ kan èyí tó ń lọ. Ó fi ọwọ́ kan èyí tó ń bọ̀, ó sì fa ọwọ́ náà kúrò kíá. Ó gbé iná tọ́ọ̀ṣì sí ibi rọ́bà tó mọ́ gaara náà, ó wo inú rẹ̀.

"Epo ò rìn níbẹ̀," ó ní.

"Torí mo pa á ni, sà. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i."

"Ẹ ṣíná ká wò ó."

Ọkọ̀ náà ti jókòó pẹ́ ju gbogbo ìgbà tí mo dán an wò lọ. Mo wọlé, mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Ọmọbìnrin tó bì lọ́jọ́ yẹn ń wò mí láti ẹ̀bá ọ̀nà, ó ti di ìgò omi rẹ̀ mọ́ àyà. Mo yí i. Ó yí, kò jẹ́. Ó ṣì ń yí. Mo gbọ́ tí pọ́ǹpù ń kùn lábẹ́ mi, mo sì sọ sínú ara mi pé máa tì í, máa tì í. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ geere.

Láti abẹ́ ọkọ̀, mo gbọ́ tí aṣọ́bodè ń sọ fún ìkejì rẹ̀ pé kó wá wo epo bó ṣe ń sáré padà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó jáde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ, ó ní kí n kó àwọn ọmọ wọlé.

A dé iléèwé nígbà tí wọ́n ti kúrò lórí ìlà. Màmá dúró lẹ́nu géètì, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí. Ó bi mí bóyá ọkọ̀ náà tún kọ̀ ni. Mo ní rárá mà, wọ́n yẹ̀ wá wò ni, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó kan ọrùn ọ̀kan nínú wọn bóyá ó láàgùn.

"Ẹ máa tètè jáde nílé," ó ní. Ó di ọwọ́ ọmọ mi mú, ó mú un lọ sí kíláàsì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tètè jáde. Mo máa ń jí àwọn òbí lójú ọ̀nà Ìjoun pẹ̀lú fèrè kí wọ́n tó dáná tán, torí mo mọ̀ pé wọ́n á yẹ̀ wá wò. Ọkọ mi ṣì ń bẹ̀rù, ó máa ń bi mí lórí fóònù ní àṣálẹ́ bóyá wọ́n dá mi dúró. Wọ́n dá mi dúró. Aṣọ́bodè tuntun máa ń dé, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á rí páìpù kejì, á ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń pa ọkọ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì máa ń dá a lóhùn.